Orúnkún Tíṣà Gbádé Lójú Ọ̀nà Làfíàgí

Lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti túká, Tíṣà Gbádé kì í dúró jẹun. Á so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, á dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì, á sì kúrò ní abúlé kékeré tó wà lẹ́bàá Làfíàgí, níbi tí wọ́n gbé e lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀fà ló ń lọ. Á gba Ṣàárẹ́, á wọ Ìlọrin, á kọjá Ìdófìàn, á dé Ajàṣẹ́-Ìpo, kó tó wá yà sí ọ̀nà ilé. Ọ̀sán ló máa ń gbéra, àmọ́ àwọn adìyẹ Susannah ìyàwó rẹ̀ á ti wọlé sùn kó tó kanlẹ̀kùn.

Ọmọ Ọ̀fà pọ́ńbélé ni Gbádé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti gbéyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ akọrin títí ó fi kú. Ó kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn ojú irin, ó sì ti fọkàn sí i pé láti ibẹ̀ lòun yóò ti máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n ní kó máa lọ sí Làfíàgí. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò ní olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ní láti mú ẹnì kan. Gbogbo ẹni tó lọ bẹ̀ ló sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, pé wọn á dá a padà láìpẹ́. Ó ṣe sùúrù náà. Sùúrù náà wọ ọdún kejì, ó wọ ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ ìdápadà náà sì wá di ohun tí wọ́n ń fi ń kí i bí wọ́n bá pàdé ní Ìlọrin.

Susannah ì bá bá a lọ. Ohun tó dì í mú ni ìyá rẹ̀, Màmá Àgbà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ sí yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Màmá ò lè dá yí ara rẹ̀ padà. Wọ́n ní láti wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n sì yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò má bàa dá sí i lára. Àwọn ọmọ Gbádé méjèèjì ò sí nílé mọ́: Ìyìnolúwa tó jẹ́ àkọ́bí wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, àbúrò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Susannah nìkan ló kù, tòun ti ìyá rẹ̀, tòun ti adìyẹ.

Àwọn kan máa ń bi Gbádé pé kí ló dé tí kò máa wọ mọ́tò. Ó ti wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀kadà ló máa gbé e láti abúlé dé Làfíàgí, mọ́tò kan dé Ìlọrin, òmíràn dé Ọ̀fà, bí èyíkéyìí nínú wọn ò bá sì kún, kò ní í gbéra. Lẹ́ẹ̀kan, ó sùn mọ́jú sórí bẹ́ńṣì ní gáréèjì Ìlọrin, ó fi àpò rọrí, ó sì dé ilé lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó. Lẹ́yìn ìyẹn ló ra máṣíìnì.

Máṣíìnì náà ò láìsàn. Gbádé ló láìsàn. Ọkùnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. Fútìrẹ́ẹ̀sì, irin ìgbẹ́sẹ̀lé tí wọ́n ṣe mọ́ máṣíìnì náà, wà lábẹ́ ìdí gangan, tó fi jẹ́ pé bó bá ti jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì á ká kò bí ẹsẹ̀ tata, kò sì síbi tí wọ́n lè nà sí. Kó tó dé Ṣàárẹ́, orúnkún ọ̀tún á ti máa ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á. Kó tó dé Ìlọrin, ìrora náà á ti gun itan dé ìbàdí. Nígbà náà á páàkì sábẹ́ igi, á máa rìn yípo máṣíìnì náà, á tẹ̀ síwájú, á tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó ń tajà létí títì á sì máa wò ó bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ náà bá rọ̀ díẹ̀, á tún gun máṣíìnì. Kì í pẹ́ tí ìrora á tún fi bá a.

Tó bá dé ilé, Susannah á ṣí géètì fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìyìn."

"Ẹ kú ilé. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ìyẹn lọ. Á jókòó sórí àga, Susannah á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kó sì tó bu òkèlè kẹta, oorun á ti gbé e lọ. Susannah á bo oúnjẹ náà, á lọ yí ìyá rẹ̀ padà. Ọjọ́ Sátidé ni Gbádé máa ń dà bí èèyàn díẹ̀. Tó bá sì di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó tún di èrò ọ̀nà.

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di ọjọ́ kan tí Alhaji Ìdrís rí i ní yàrá àwọn olùkọ́, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí tábìlì. Alhaji Ìdrís ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá. Ọmọ Ìlọrin ni, òun náà sì ń fi máṣíìnì lọ wo ilé rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

"Orúnkún yẹn náà ni, Tíṣà?"

"Òun náà ni, Alhaji. Ẹ má bínú pé mo gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì."

"Tábìlì ò bínú. Ẹ wá, ẹ gun máṣíìnì tèmi dé orí afárá kí ẹ padà."

Gbádé ò mọ ìdí tó fi ní kí òun gun máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi máńgòrò tí Alhaji ń páàkì sí, Alhaji nawọ́ sí iwájú máṣíìnì náà. Gáàdì ló wà níbẹ̀, irin rìbìtì tó yọ sápá ọ̀tún àti òsì láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì bí máṣíìnì bá ṣubú. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ló ní in. Ṣùgbọ́n lára ti Alhaji, wọ́n ti so irin kúkúrú méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì fi rọ́bà wé wọn.

"Fútìrẹ́ẹ̀sì iwájú ni wọ́n ń pè é," Alhaji wí. "Tí ọ̀nà bá là, tí kò sí èrò, mo máa ń na ẹsẹ̀ lé e. Tí mo bá ti ń wọ ìlú, mo gbé e padà síbi tí Ọlọ́run fi í sí."

Gbádé gun máṣíìnì náà jáde lójú ọ̀nà abúlé. Nígbà tí ojú ọ̀nà là, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nísàlẹ̀, ó nà án síwájú, ó sì gbé e lé irin náà. Orúnkún rẹ̀ ṣí. Ó gbé ti òsì náà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó fún un mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gbogbo ọjọ́. Ó dé orí afárá, kò yípadà. Ó kọjá afárá, ó ń lọ láàárín oko ìrẹsì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lójúgun. Nígbà tó padà dé, agogo ti lù, Alhaji sì dúró lábẹ́ igi.

"Ẹ pẹ́ o."

"Ẹ má bínú, Alhaji. Mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ Jàmíù, mẹkáníìkì tó ní ìsọ̀ ní Ọ̀fà, nítòsí ibi tí títì ti dábùú ojú irin. Jàmíù mọ fútìrẹ́ẹ̀sì iwájú. Ó wọ inú ìsọ̀, ó kó oríṣi méjì jáde, ó tò wọ́n sórí pákó. Èyí àkọ́kọ́ dúdú, rọ́bà nípọn lára rẹ̀, ó sì ń ká sókè bí èèyàn bá fọwọ́ tì í. Èkejì jẹ́ irin gidi, kò ní rọ́bà, kì í ká, ó sì ń dán débi pé Gbádé rí irùngbọ̀n funfun ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Èyí tó ń ká yìí ni mo fẹ́ràn, Tíṣà," Jàmíù wí. "Tí nǹkan bá kọ lù ú, á ká. Kò ní fà yín."

Gbádé gbé èyí dúdú wò, ó gbé èyí tó ń dán wò. Èyí tó ń ká náà ṣe é bíi pé kò lágbára. Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń fẹ́ ohun tí kò ní mì.

"Bá mi so èyí tó ń dán. Kí o sì sún un síwájú dáadáa, mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi nà pátápátá."

"Ṣé ká má sún un sẹ́yìn díẹ̀?"

"Rárá. Ẹsẹ̀ mi ti ká tó."

Jàmíù ò jiyàn. Ó so ó bó ṣe fẹ́, sí ibi tó jìnnà jù lára gáàdì náà.

Nígbà tí Gbádé dé ilé, Susannah ń sá aṣọ ibùsùn Màmá sórí okùn. Ó rí irin tó ń kọ mànà lára máṣíìnì, ó sì dúró, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ibi tí mo máa gbé ẹsẹ̀ lé ni. Kí ọ̀nà lè rọ̀ mí lọ́rùn."

Susannah wò ó títí.

"Kó lè rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ lè máa lọ."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Mo rò pé orúnkún yẹn ló máa bá mi sọ ọ́ fún yín. Mo rò pé ẹ máa wọlé lọ́jọ́ kan, ẹ máa ní ó ti tó, ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ẹ wá lọ ra irin."

"Ó ku ọdún mẹ́ta, Ìyá Ìyìn."

"Mo mọ iye tó kù."

Ó sá aṣọ náà, ó sì wọlé. Kò bínú lọ títí, nítorí Màmá ti ń pè é láti inú yàrá. Gbádé dúró síbẹ̀, ó ń wo irin rẹ̀. Ó ti rò pé inú ìyàwó òun á dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbéra. Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, ó gbìyànjú láti gbádùn irin náà. Orúnkún nà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé irin náà jìnnà, ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti tẹ̀ kó tó lè dé e, apá rẹ̀ méjèèjì sì ń fa ọwọ́ máṣíìnì bí ẹni tó ń fa akọ màlúù. Bí kò sì ti sí rọ́bà lára rẹ̀, gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń gba inú irin wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, títí ẹsẹ̀ náà fi kú tipiri. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó máa mọ́ òun lára.

Lẹ́yìn Ṣàárẹ́, ojú ọ̀nà là. Ó na ẹsẹ̀, ó ń lọ jẹ́ẹ́. Àgùntàn kan ló yọ láti inú koríko, ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyá kọjá, ọmọ dúró sáàárín títì. Gbádé gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún padà sórí bírèékì. Ẹsẹ̀ náà jìnnà, ó sì ti kú. Ó wá bírèékì, kò rí i; ó fi ọwọ́ fa ti iwájú, máṣíìnì yọ̀ lórí yanrìn, ó sì dà á nù sápá ọ̀tún. Irin tó ń dán náà fi orí gúnlẹ̀. Nítorí pé kò lè ká, ó fa máṣíìnì yí po, ó sì fi gáàdì tẹ ojúgun Gbádé mọ́lẹ̀.

Ọmọ àgùntàn náà ti bá ìyá rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin Núpé kan tó ń ti oko bọ̀ ló bá a gbé máṣíìnì kúrò lára rẹ̀. Yorùbá ọkùnrin náà ò pọ̀. Ó kàn ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ó ń gbọn yanrìn kúrò lára Gbádé bí ìgbà tí bàbá ń gbọn ara ọmọ. Ẹsẹ̀ náà bó, ó sì wú, ṣùgbọ́n kò kán. Wọ́n fi òkúta lu gáàdì náà títí táyà iwájú fi lè yí. Gbádé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì lọ. Gbádé ò gbéra. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú oòrùn, hẹ́mẹ́ẹ̀tì lórí itan. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ débi tó fi ń rò ó pé bí mọ́tò kan bá dúró nísinsìnyí, ibikíbi tó bá ń lọ, òun á wọ̀ ọ́.

Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó pe Susannah lórí fóònù.

"Mo ṣubú."



"Ṣé ẹ fara pa?"

"Ojúgun mi bó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé irin yẹn ni?"

"Irin náà ni. Èmi náà sì ni. Jàmíù ní ká mú òmíràn, mo kọ̀."

Gbádé ń gbọ́ ohùn Màmá Àgbà lẹ́yìn rẹ̀.

"Tí ẹ bá dé," Susannah wí níkẹyìn, "ẹ má ṣe dá lọ sọ́dọ̀ Jàmíù. Èmi náà máa bá yín lọ."

Gbádé ti ń retí kó ní kí òun tú gbogbo ẹ̀ dànù. Kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Susannah bẹ Asiata aládùúgbò wọn pé kó bá òun jókòó ti Màmá. Ó wé gèlè, ó gun ẹ̀yìn máṣíìnì, wọ́n lọ sí ìsọ̀ Jàmíù. Jàmíù rí gáàdì tó tẹ̀, ó rí ìyàwó Tíṣà, ó sì gbé bẹ́ńṣì wá.

"Ẹ jókòó, Mummy."

"Mi ò ní jókòó, Jàmíù. Mo fẹ́ rí i."

Jàmíù tú irin tó ń dán kúrò, ó na gáàdì náà padà, ó sì mú èyí dúdú tó ń ká jáde. Ó fi òrùka tó ń di irin náà mú gbá páìpù gáàdì wò. Ó tóbi díẹ̀ fún un. Ó gé tíúbù táyà àtijọ́ pẹlẹbẹ, ó fi wé páìpù náà, ó sì tún gbé òrùka lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbá a mú ṣinṣin. Kò tíì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa.

"Ẹ gùn ún, Tíṣà. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa jókòó lójú ọ̀nà."

Gbádé gùn ún, ó na ẹsẹ̀. Susannah dúró sápá kan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ lára ọmọ lọ́dọ̀ télọ̀.

"Ẹ̀yìn yín tẹ̀," ó wí. "Apá yín nà jù. Jàmíù, sún un sọ́dọ̀ wọn."

Jàmíù sún un.

"Ó ṣì jìnnà. Orúnkún wọn ò gbọ́dọ̀ le gbagidi báyẹn. Ẹni tó bá dúró lórí orúnkún tó le kì í pẹ́ ṣubú."

Wọ́n sún un, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n yí orí rẹ̀ sókè kí gìgísẹ̀ má bàa máa yọ̀ kúrò. Jàmíù yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì láti rí i pé ohunkóhun ò kan táyà iwájú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹsẹ̀ ò ní fara kan ibi gbígbóná lára ẹ́ńjìnnì. Níkẹyìn orúnkún Gbádé ṣí, ó sì tẹ̀ díẹ̀, bí ti ẹni tó jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ìmí rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó ti dáa," ó wí.

"Kò tíì dáa," Susannah wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ padà sí bírèékì."

Gbádé wolẹ̀, ó wá bírèékì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Ẹ wolẹ̀. Ṣé ilẹ̀ lẹ máa máa wò tí àgùntàn bá yọ? Ẹ tún un ṣe. Tí mo bá pàtẹ́wọ́, ẹ gbé e."

Ó pàtẹ́wọ́. Gbádé gbé ẹsẹ̀, kò bá ibi tó yẹ. Ó tún pàtẹ́wọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó wà nísọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n, ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Susannah ò wẹ̀yìn. Ó yí ojú sápá ibòmíràn bí ẹni tó ti gbàgbé, ó bá Jàmíù sọ̀rọ̀ nípa adìyẹ, ó sì ṣàdédé pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ Gbádé lọ tààrà sórí bírèékì. Ó tún ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, títí ẹsẹ̀ náà fi mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ló tó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Jàmíù fún nọ́ọ̀tì pa. "Ẹ gùn ún dé Ìjàgbó kí ẹ padà wá," ó wí. "Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú u. Màá tún fún un pa kí ẹ tó lọ sọ́nà jíjìn. Kí ẹ̀yin náà sì máa fi sípánà kàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Láti ìgbà náà, orúnkún Gbádé fara balẹ̀. Èmi ò ní sọ pé ó san, nítorí orúnkún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í san, ó máa ń gbà kí a jọ máa gbé ni. Tí ọ̀nà bá là, á na ẹsẹ̀; tó bá rí ìlú tàbí ẹran tàbí kòtò, á gbé e padà. Kò ṣubú mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ò kúrú. Ohun tí orúnkún ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá hàn sí i báyìí: pé àárẹ̀ òun kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan. Òjò ń pa á, eruku ń bò ó, tó bá dé ilé, oorun ṣì ń gbé e lórí oúnjẹ. Kò sí irin tí wọ́n lè so mọ́ ibikíbi fún ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsinmi díẹ̀ láàárín táàmù, Jacob, àbúrò Susannah tó ń gbé ní Ìjàgbó, gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti wá jókòó ti Màmá. Gbádé ní láti padà kí ìsinmi náà tó parí, nítorí àwọn ewébẹ̀ tí àwọn ọmọ gbìn ń fẹ́ omi. Susannah wá ní òun fẹ́ bá a lọ.

"Lọ síbo?"

"Làfíàgí. Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń lọ síbẹ̀, mi ò mọ bó ṣe rí."

Ó gun ẹ̀yìn máṣíìnì. Láti Ọ̀fà dé Ajàṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Láti Ajàṣẹ́ dé Ìlọrin, ó ń dáhùn. Lẹ́yìn Ìlọrin, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dúró ní Ṣàárẹ́, kò lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Gbádé ní láti gbá a mú lábẹ́ apá, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọdé. Susannah jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò bìkítà fún aṣọ rẹ̀.

"Ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Ó tún kù dáadáa."

Ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ó wo èyí tó kù níwájú, tó lọ títí tó fi wọ inú ooru.

"Ọ̀nà yìí lẹ ń gbà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ó wí. Kò fi ṣe ìbéèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí yàrá tí Gbádé ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, àga onírọ́bà kan, àwòrán ìgbéyàwó Ìyìnolúwa lára ògiri. Ó gbálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà mọ́. Ó se iṣu, wọ́n jẹ ẹ́ níta, lẹ́nu ọ̀nà, Gbádé lórí àpótí, òun lórí àga. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ó ní:

"Bàbá Ìyìn, ta ló ní kí ẹ máa wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Gbádé wò ó. "Ìwọ kọ́?"

"Èmi? Mi ò sọ ọ́ rí. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ. Mo rò pé ibí yìí ò ṣeé sùn fún yín."

"Mo rò pé tí mi ò bá wá, o máa sọ pé mo fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú Màmá."

"Tí ẹ bá dé náà, ẹ máa ń sùn ni."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ẹ̀gàn nínú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì," Susannah ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mi ò kì í lè jókòó láti ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tí máṣíìnì bá dún ní títì, màá dìde. Tí ẹ bá sì dé, ó di ẹni méjì tí mò ń tọ́jú. Ó ń rẹ̀ mí, Bàbá Ìyìn. Mi ò sọ fún yín nítorí mo rí i pé ó ń rẹ ẹ̀yin náà."

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹnì kìíní ti ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹrù fún ẹnì kejì, tí wọ́n sì ń pè é ní ìfẹ́. Ìfẹ́ náà sì ni. Gbádé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára, Susannah náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá wá, Jacob á máa wá fún mi lọ́jọ́ kan. Mo ti bá a sọ ọ́. Tí ẹ bá wá, kí ẹ wá ní odidi."

"Tí Màmá bá béèrè mi ńkọ́?"

"Màá ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé irọ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Susannah fi mọ́tò padà sí Ọ̀fà. Ó ní òun ò ní gun máṣíìnì náà dé ilé, kódà bí wọ́n bá so tìmùtìmù mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tí Gbádé ò lọ sílé ṣòro. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túká, ara rẹ̀ ti dìde fúnra rẹ̀ láti lọ di àpò kó tó rántí. Alhaji Ìdrís kí i pé ó dàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gun máṣíìnì, ó na ẹsẹ̀, ó lọ. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dákẹ́. Gbádé bomi rin ewébẹ̀. Ó fọ aṣọ. Ó se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, ohun tí kò tíì ṣe lọ́jọ́ Ẹtì kankan láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìtìjú díẹ̀ sì ń mú un, bí ẹni tó sá níbi iṣẹ́.

Ó pe ilé.

"Kí lẹ ń ṣe?" Susannah bi í.

"Mo jókòó ni."

"Èmi náà jókòó."

"Màmá ńkọ́?"

"Jacob ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rò pé bàbá wa ni."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Bàbá Ìyìn, ẹ lọ sùn."

Ó wọlé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ tí àwọn obìnrin Núpé ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń pọnmi bọ̀, kò sì gbọ́ ìgbà tí wọ́n kọjá tán.